Nongriat Nígbà Òjò

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Shillong ló ní kí n padà wá lóṣù Kejìlá. Wọ́n ní ìgbà náà ni ilẹ̀ máa ń gbẹ, tí omi odò máa ń mọ́ gaara, tí àwọn àlejò máa ń wẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n sì ń ya fọ́tò. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n òjò ló bí ohun tí mo fẹ́ lọ wò, n kò sì rí ìdí tí èèyàn á fi lọ kí ọmọ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Oṣù Keje ni mo lọ, èmi nìkan, pẹ̀lú àpò kan lẹ́yìn, ọ̀pá kan lọ́wọ́, àti iyọ̀ tí mo dì sínú ọ̀rá nítorí eṣúṣú.

Shillong ni olú ìlú Meghalaya, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972. Bí ọkọ̀ bá kọjú sí gúúsù, tó rin nǹkan bí kìlómítà 54, ó dé Sohra, ìlú tí àwọn òyìnbó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ sí àwòrán ilẹ̀ ní Cherrapunji. Òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ni Sohra wà, ó sì ga ju mítà 1,300 lọ. Ní ìhà gúúsù, òkè náà gé lójijì, ilẹ̀ Bangladesh sì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí ojú fi rẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òjò ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó lórí òkun Bengal máa ń gba orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn kọjá láìrí ẹni dá a dúró. Ìgbà tó bá wá forí sọ òkè àwọn Khasi, àwọn ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀, kò sí ibòmíràn fún un mọ́ àfi kó gùn ún. Bó ṣe ń gùn ni ara rẹ̀ ń tutù, bí ara rẹ̀ sì ṣe ń tutù ló ń sọ ẹrù kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá bá àwa náà nílé láti orí òkun kì í bá irú ògiri bẹ́ẹ̀ pàdé.

Òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn láàárín ọdún kan tó nǹkan bí mìlímítà 1,300. Ní Mawsynram, abúlé kan tí kò jìnnà sí Sohra, 11,872 ni wọ́n ń kà ní ìpíndọ́gba. Sohra fúnra rẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ gbogbo ayé: láti oṣù Kẹjọ ọdún 1860 títí di oṣù Keje ọdún 1861, mìlímítà 26,461 ló rọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ 15 àti 16 oṣù Kẹfà ọdún 1995, 2,493 ló rọ̀ láàárín wákàtí 48, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òjò Ìbàdàn ọdún méjì. Síbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn obìnrin Sohra a máa wá omi kiri. Ilẹ̀ orí òkè náà fẹ́lẹ́, igi orí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, gbogbo ohun tó bá rọ̀ ló ń ṣàn lọ sí Bangladesh kí ilẹ̀ tó rí i mu. Èèyàn lè ní òjò kó má ní omi.

Sohra ni mo sùn kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abúlé Nongriat. Òru ni òjò ibẹ̀ fẹ́ràn. Láti ọ̀gànjọ́ sí àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń rọ̀. Abẹ́ páànù ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ariwo òjò, ṣùgbọ́n aago méjì òru bá mi ní ìjókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń dúró kó dẹwọ́ díẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tí mò ń rò. Òjò tiwa máa ń bínú. Á ṣú, á sán ààrá, á ká páànù onílé kan sí ọgbà onílé kejì, á sì dá. Òjò tí mo gbọ́ lóru yẹn kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Kò yára, kò falẹ̀, kò sinmi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń wo Nohkalikai, ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ omi kan tó ń já bọ́ láti gíga mítà 340. Mo gbọ́ ọ, n kò rí i. Ìkùukùu ti dí àfonífojì náà láti etí ẹsẹ̀ mi dé òdìkejì, ohùn omi sì ń tinú funfun náà bọ̀. Obìnrin tó ń ta tíì níbẹ̀ ní kí n má tíì lọ. Ìgbà tí mo mu ife kejì, ìkùukùu ya, mo rí omi náà ní gbọọrọ, funfun báláú, tó ń já sínú ihò tí n kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀; kí n tó yọ fóònù lápò, ó ti padé. Ìtàn ibẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Wọ́n ní opó kan tó ń jẹ́ Likai fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ náà sì ń jowú ọmọbìnrin kékeré tí ó bí fún ọkọ àárọ̀. Lọ́jọ́ kan tí ìyá lọ síbi iṣẹ́, ọkùnrin náà pa ọmọ, ó sì sè é. Likai dé tòun ti ebi, ó jẹun, ó wá na ọwọ́ sí agbọ̀n tó ń kó kwai sí, èso ọ̀pẹ kan tí àwọn Khasi máa ń jẹ, ìka ọmọ rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó sáré dé etí òkè, ó bẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni omi náà ń jẹ́ títí dòní. Wọ́n kọ ìtàn náà sára pátákó, àwọn ọmọ iléèwé sì to ara wọn síwájú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Lójú ọ̀nà Nongriat, ọkọ̀ kì í kọjá abúlé Tyrna. Láti ibẹ̀, àtẹ̀gùn ni. Àwọn ará ibẹ̀ sọ pé ó lé ní 3,000. N kò bá wọn ka ìkankan, ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sínú àfonífojì, àwọn ibì kan sì wà tí kò gbà ju ìlàjì àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Òjò ti jẹ́ kí ewéko fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo etí rẹ̀, ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé ìsọ̀kalẹ̀ rọrùn ju ìgòkè lọ kò tíì bi orúnkún rẹ̀ léèrè. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ bí mo bá dúró, nítorí náà n kì í dúró pẹ́.

Àwọn obìnrin méjì ń gòkè bọ̀. Agbọ̀n tó ṣe ṣóńṣó nídìí wà lẹ́yìn wọn, okùn fífẹ̀ tó gbé agbọ̀n náà gba iwájú orí wọn, ọrùn ni wọ́n sì fi ń fa gbogbo ẹrù náà. Knup ló bò wọ́n lórí ìyẹn, ohun tí wọ́n fi ọparun àti ewé hun, tó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí tó fi dé bàdí, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ̀ sílẹ̀ lóko, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tutù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì wà fún iṣẹ́. Aṣọ òjò tèmi, tí mo rà lówó gọbọi, ti mú mi làágùn débi pé inú rẹ̀ tutù ju ìta rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin náà wo aṣọ náà, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n kí mi, "Khublei," wọ́n kọjá, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lókè fún ìgbà díẹ̀.

Igbó ni mo kọ́kọ́ pe ohun tó yí mi ká. Ó ṣú, ó ń kán tótó, kòkòrò kan sì ń dún níbẹ̀ gooro láìmí. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi mọ àtẹ̀gùn díẹ̀ tí mo lè gbójú sókè, mo rí i pé oko ni mo wà. Àwọn ọ̀pẹ tín-ín-rín tó ga lọ réré, kwai ni wọ́n ń so. Ìtàkùn tó gun ara wọn, ata dúdú oníhóró ni. Mo já ewé kan, mo rún un, òórùn rẹ̀ jọ ti ewé tí àwọn alásè wa ń jù sínú jọ̀lọ́ọ̀fù. Wọ́n ń ká a lọ tà lọ́jà Sohra. Ẹnì kan ló gbin gbogbo èyí sáàárín igi ńlá láìgé igi ńlá náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé èèyàn ò dé ibẹ̀ rí. Alántakùn kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ta àwọ̀n sáàárín ọ̀pẹ méjì ní gíga ojú mi gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, mo sì tọrọ gáfárà.

Eṣúṣú àkọ́kọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó dúró ṣánṣán lórí ewé kan létí ọ̀nà, kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Ìdí rẹ̀ mú ewé, ó na ìyókù ara sókè, ó ń mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá ẹni tó ń mí. Mo na ìka sí i láìjẹ́ kó kàn án, orí náà yí tẹ̀lé ìka mi. Mo gbé ìka lọ sósì, ó yí sósì. Kò ní ojú tí mo lè rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tẹjú mọ́ mi báyẹn lọ́jọ́ náà. Àwọn yòókù kò jẹ́ kí n rí wọn. Nígbà tí mo jókòó ní abúlé Nongthymmai tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mẹ́ta ti yó kẹ́ndẹ́. Mo wọ́n iyọ̀ sí wọn, wọ́n já bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lọ ní tirẹ̀, nítorí ohun tó wà lẹ́nu wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Kò dùn mí rárá, èyí ló sì bí mi nínú jù.

Lẹ́yìn Nongthymmai, odò wà láti kọjá lórí afárá tí wọ́n fi wáyà irin ta. Kò fẹ̀ ju ẹni kan lọ. Ibi tí wáyà náà ti wọ inú sìmẹ́ǹtì ti dípẹtà, wọ́n sì ti fi wáyà tuntun ràn án lọ́wọ́. Omi tó wà lábẹ́ mi kì í ṣe omi inú fọ́tò. Ó pupa rúsúrúsú níbi tó ti jinlẹ̀, ó funfun níbi tó ti ń kọlu àpáta, kò sì sí ibi tó dákẹ́. Láàárín afárá ni mo ti gbọ́ ohun kan tí n kò retí: òkúta ń yí lábẹ́ omi. Gbì. Gbì. Ohùn náà kò gba etí nìkan wọlé. Ó ń gba ara wáyà wá sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí ẹnì kejì bá wà pẹ̀lú mi, à bá ti sọ̀rọ̀ bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀, n kì bá sì gbọ́ òkúta kankan. Mo dúró títí mo fi gbọ́ ọ tó, mo wá yára kọjá.

Nongriat nìyẹn: ilé mélòó kan, páànù, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà, ajá tó tutù. Lẹ́yìn àwọn ilé náà ni odò Umshiang, lórí odò náà sì ni afárá alájà méjì tí mo wá wò wà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kò jọ afárá lójú mi. Igi ńlá kan ló dúró ní bèbè, tí gbòǹgbò rẹ̀ na ọwọ́ kọjá lójú òfuurufú, ó lọ di òdìkejì mú. Ìlà gbòǹgbò kan lọ nísàlẹ̀, ìlà mìíràn lọ lókè rẹ̀. Ficus elastica ni àwọn onímọ̀ ń pe igi náà, ẹbí igi ọdán ni. Ó ní oje funfun, ìdílé rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti rọ́bà tí wọ́n gbìn ní apá Òǹdó, ṣùgbọ́n kí tọ̀hún tó gbòde, oje igi yìí ni wọ́n ń dá ní Assam fún rọ́bà. Bíi ti àwọn ọdán kan, gbòǹgbò a máa yọ láti ara ẹ̀ka rẹ̀, a sì máa sọ̀ wá sílẹ̀. Àwọn Khasi kò jẹ́ kó sọ̀. Wọ́n la igi ọ̀pẹ kwai sí méjì, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n nà án lé omi, wọ́n sì ki gbòǹgbò kékeré sínú rẹ̀ kó lè gba ibẹ̀ lọ. Bó bá dé òdìkejì, wọ́n á jẹ́ kó wọlẹ̀. Ó ń mu omi ní bèbè méjèèjì nìyẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó lè gba ọdún 15, ó lè gba 30, kí ó tó lè gbé èèyàn dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀, bí igi náà bá wà láàyè.

Mo gbé ọwọ́ lé gbòǹgbò kan tó nípọn ju itan mi lọ. Èèpo rẹ̀ le, ó tutù, òjò ń gba ara rẹ̀ ṣàn lọ láìdúró. Gbòǹgbò mìíràn gba orí rẹ̀ kọjá, mo sì fi ìka wá ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí. Níbi tí wọ́n ti ń fara kan ara wọn fún ọdún púpọ̀, wọ́n ti di ẹyọ kan. Wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ sí àlàfo tó kù, iyẹ̀pẹ̀ ti dí i, ewéko ti hù nínú iyẹ̀pẹ̀ náà, ìgbín kékeré kan sì ń jẹ ewéko ọ̀hún. Lẹ́bàá ibi ìdìmú, gbòǹgbò tuntun mẹ́rin, márùn-ún, tí wọn ò nípọn ju ìka lọ, ni ẹnì kan ti lọ́ mọ́ àgbà kan, kókó rẹ̀ sì ṣì rí bí ẹni dì í láàárọ̀ yẹn. Lókè orí mi, ewé tuntun wà nínú ìbòrí pupa, kò tíì ṣí.

Afárá onírin mì lábẹ́ mi. Èyí kò mì. Mo fò sókè lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí pé kò sẹ́ni tó ń wò mí, kò sì mì.

Wọ́n sọ fún mi ní abúlé pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Omi kún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì tún darí gbòǹgbò mìíràn gba òkè. Lóṣù Kejìlá, tí èèyàn bá ń wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìtàn lásán ni èyí á jẹ́ létí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, omi ń ta dé abẹ́ afárá ìsàlẹ̀, ewé àti ọparun fífọ́ sì ti há mọ́ ọn lábẹ́. Mo gba ìsàlẹ̀ lọ, mo gba òkè bọ̀, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì yé ẹsẹ̀ mi kó tó yé orí mi. Bí wọ́n bá fi ọparun ṣe afárá níbẹ̀, kì í pẹ́ jẹrà, bí àgbàrá kò bá tètè gbé e lọ. Irin ń dípẹtà. Òjò tó ń ba gbogbo wọn jẹ́ yìí, oúnjẹ ni lẹ́nu igi náà. Bó bá ṣe ń rọ̀ tó ni afárá ń nípọn tó. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ìmọ̀ràn àwọn ará Shillong. Ẹni tó rí afárá yìí nínú oòrùn rí ohun tó rẹwà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é wà nínú òjò.

Àwọn ìwé ìpolówó ń pè é ní àrà inú ìṣẹ̀dá, ìyẹn sì ń bí mi nínú díẹ̀. Ìṣẹ̀dá kò la ọ̀pẹ sí méjì. Òyìnbó ológun kan, Henry Yule, kọ̀wé nípa irú afárá yìí lọ́dún 1844, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ gbòǹgbò kò sí nínú ìwé kankan. Lọ́dún 2019, Ferdinand Ludwig, Wilfrid Middleton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde lórí 74 nínú àwọn afárá náà, wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn akọ́lé òde òní ṣe lè kọ́ ọgbọ́n náà. Lọ́dún 2022, àwọn afárá náà wọ àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Íńdíà fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún ayé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ́ gbòǹgbò láàárọ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ilé tí mo wọ̀ lóru yẹn, obìnrin kan ló ni ín, mò ń pè é ní Kong bí gbogbo abúlé ṣe ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, Khasi tèmi kò sí, síbẹ̀ a sọ̀rọ̀ títí. Kàlẹ́ńdà ìjọ Presbyterian kan wà lára ògiri rẹ̀, mo sì kà á sókè láìmọ ohun tí mò ń kà, torí pé a b d tí àwa náà ń lò ni. Thomas Jones, míṣọ́nnárì láti Wales, dé Sohra lọ́dún 1841, òun ló fi lẹ́tà yẹn kọ èdè wọn. Ní tiwa, ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Àjàyí Crowther jáde. Kong rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ó sì ní kí n tún un kà fún àwọn ọmọ.

Ó gé èso kwai sí wẹ́wẹ́. Ó fi ẹfun díẹ̀ pa ewé kan, ewé tó jẹ́ ẹbí ìyèré tiwa, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. Wọn kì í gba àlejò láìfún un ní kwai, bí àwa náà ṣe kì í gba àlejò láìgbé obì. Wọ́n ní ẹni tó bá ti kú lọ ń jẹ kwai nílé Ọlọ́run. Mo jẹ ẹ́ tán ni ooru dìde láti àyà mi, òógùn bo iwájú orí mi, ilé sì yí díẹ̀. Kong ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe àlejò. Ó wá bi mí bóyá mo ní ẹ̀gbọ́n.

"Mẹ́ta, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Èmi ni àbíkẹ́yìn."

"Ilé ìyá rẹ ti di tìrẹ nìyẹn."

Ọ̀dọ̀ àwọn Khasi, orúkọ ìdílé ìyá ni ọmọ ń jẹ́, ọmọbìnrin tó kéré jù lọ ló sì ń jogún ilé, tó ń tọ́jú òbí, tó ń gba àwọn mọ̀lẹ́bí sílé. Mo ṣàlàyé fún un pé, "Lọ́dọ̀ wa, Kong, ẹ máa bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi jà ná."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ni ọkùnrin fẹ́ fi ilé ṣe?"

Mo ti ń ronú sí ìbéèrè yẹn látìgbà náà.

Lọ́jọ́ kejì, òjò dẹwọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan ń lọ sí Rainbow Falls, ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ omi mìíràn, níwájú sí i nínú igbó. Ọ̀nà rẹ̀ kò wù mí lẹ́yìn òjò irú èyí, mo sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kong lọ́kùnrin ń lọ sí ìṣàn kékeré kan, mo bá a lọ. Afárá kan ń bọ̀ níbẹ̀ tí kò tíì dé. Àwọn gbòǹgbò náà ti lọ ju ìlàjì lọ nínú ọ̀pẹ lílà, ọ̀pẹ náà fúnra rẹ̀ ti ń rà, ó sì mú òmíràn wá láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n di orí gbòǹgbò kan mú. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, ó tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Ó yọ ọ̀pẹ àtijọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́, ó ti tuntun sábẹ́, ó fi ọparun fẹ́lẹ́ dì í, kò sì fún un pọ̀ jù. Kò gbà ju ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń di gèlè lọ. Mo bi í ìgbà wo ni ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Ó rò ó, ó ní bí àwọn ọmọ-ọmọ àbúrò òun obìnrin bá ti ń ru ẹrù.

Ìgòkè padà sí Tyrna kò ní ìtàn púpọ̀, àfi ti ẹ̀mí tó ń já. Mo rìn, mo jókòó, mo rìn. Ọkùnrin kan tó lè tó ọjọ́ orí bàbá mi bá mi láti ẹ̀yìn, ó fi okùn gbé sílíńdà gáàsì kọ́ iwájú orí, òfìfo ni, ó ní òun fẹ́ lọ rọ ọ́ lókè. Ó dúró dè mí, ó fi ìwà ọmọlúàbí ṣe bí ẹni pé òun náà fẹ́ sinmi. Mo bi í pé ó ku bí mélòó. Kò sọ wákàtí, kò sọ àtẹ̀gùn. Láyé àtijọ́, kwai ni àwọn Khasi fi ń wọn ọ̀nà, iye tí èèyàn máa jẹ kó tó débẹ̀, àwọn àgbà kan ò sì tíì fi í sílẹ̀. Ó na ìka kan sókè.

"Kwai kan."

Ó fún mi ní ọ̀kan láti inú àpò rẹ̀, ó gbé sílíńdà rẹ̀, ó lọ. Mo jẹ ẹ́ títí ó fi tán lẹ́nu mi. Mo ra méjì sí i lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó jókòó lójú ọ̀nà, mo jẹ wọ́n tán, kí n tó rí páànù àkọ́kọ́ ní Tyrna.